Bọ́ọ̀sì Tí Àkàndé Fẹ́ Kó Tutù Ju Fíríìjì Lọ

"Jayéọlá, dì mí mú kí n má fò!" Àkàndé ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, tó ń fọwọ́ lu àyà bíi pé òun ló dá yìnyín. "Láti ọjọ́ tí aráyé ti ń fi irin ṣe nǹkan, kò tíì sí ẹni tó ṣe ilé tó tutù tó èyí tí mo fẹ́ ṣe yìí. Nínú oṣù kẹta, lọ́sàn-án gangan, tí o bá ń bọ̀ wá kí mi, súẹ́tà ni kí o wọ̀. Tí o ò bá wọ̀ ọ́, tí eyín rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, má sọ pé mi ò wí."

"Ilé wo nìyẹn?" mo bi í.

Ó na ìka. Mo fojú tẹ̀lé ìka náà. Mo tún yọjú wo ẹ̀yìn ohun tó nàka sí, bóyá ilé kan sá pamọ́ síbẹ̀. Kò sí ilé kankan. Bọ́ọ̀sì ló ń nàka sí.

Ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Uselu la wà. Bọ́ọ̀sì gbọọrọ ni, irú èyí tó máa ń kó èrò láti Benin lọ sí Kánò, àmọ́ ó ti pẹ́ tí Kánò ti gbàgbé ẹ̀. Koríko ti yọ láti ìsàlẹ̀, ó ti dé ibi tí èrò ń jókòó sí. Lórí àga dẹ́rẹ́bà, àgbébọ̀ adìẹ kan sàba, ó ń wò wá bíi kọ̀ndọ́kítọ̀ tí orí ń fọ́. Mo ṣí ibi tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wà. Afẹ́fẹ́ ló kí mi káàbọ̀.

"Àkàndé, kò ní ẹ́ńjìnnì."

"Ilé tìrẹ ní ẹ́ńjìnnì?"

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ọ̀gá Osagie tó ni bọ́ọ̀sì náà fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìpẹtà já bọ́ bí ewé. "My brother, this motor strong," ló wí. "Last week sef, e still dey move." Adìẹ yẹn la ojú, ó wò ó, ó tún pa ojú dé. Wọn ò sọ̀rọ̀ owó. Fíríìsà ńlá méjì tí Àkàndé jí dìde nínú ikú ni Osagie ń fẹ́, torí ìyàwó rẹ̀ ń ta ẹja tútù ní New Benin. Fíríìsà méjì lọ, bọ́ọ̀sì kan dé, adìẹ sì ṣí lọ sínú ọkọ̀ mìíràn.

Káfíńtà lèmi, Sapele Road ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àkàndé ń tún fíríìjì ṣe ní Uselu láti ogún ọdún, kò sì sí fíríìjì tó kú ní gbogbo Benin tí kò mọ ohun tó pa á. Ohun tó gbé e dé ìdí bọ́ọ̀sì rèé. Ní ọdún 2008 tí èyí ṣẹlẹ̀, lándílọ́ọ̀dù rẹ̀ ní New Benin ní òun fẹ́ gba yàrá òun fún ọmọ òun tó fẹ́ gbéyàwó. Àkàndé ní ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì kan, ó wọnú díẹ̀ láti Sapele Road. Ilẹ̀ wà, ilé ni kò sí. Ìyàwó rẹ̀, Títíloyè, tó ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà, fẹ̀yìntì ní Disẹ́ńbà, ó sì ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìlárá fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ti di oṣù mẹ́ta. Ó ní òun ò ní wọ yàrá háyà mọ́ láyé òun.

Bí Àkàndé ṣe pè é lórí fóònù láti ròyìn bọ́ọ̀sì nìyí, mo wà níbẹ̀, ó tan sípíkà sókè kí n lè gbọ́ bí inú obìnrin náà ṣe máa dùn tó.

"Bàbá Fikáyọ̀," ni Títíloyè wí, "irin ni bọ́ọ̀sì."

"Mo mọ̀."

"Benin lẹ sì wà."

"Mo mọ̀."

"Oṣù kẹta la sì mú yìí."

"Tíṣà, ìdánwò ni àbí kí ni?"

"Ìdánwò ni. Ẹ fetí sílẹ̀. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń bọ̀. Mo máa jẹun ọ̀sán, tó bá di aago méjì, mo máa wọ inú bọ́ọ̀sì yín, mo máa dùbúlẹ̀. Tí mo bá sùn títí di aago mẹ́rin láìlàágùn, ilé nìyẹn, mo ti dé. Tí mi ò bá rí oorun sùn, ẹ ó di ẹrù yín, ẹ ó bá mi lọ sí Ìlárá. Bàbá Akíntáyọ̀ ti ní yàrá wà fún wa."

Mo rí i tí ojú ọ̀rẹ́ mi hunjọ. Bàbá Akíntáyọ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ tí kò sí ẹni tó sọ fún un. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń lu agogo nínú ilé ara rẹ̀. Ó ní ìwé kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀, orúkọ gbogbo ará ilé wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí oníkálukú máa ṣe. Kérésìmesì tí Àkàndé lọ, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, bàbá ọlọ́mọ, ó bá orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri: "Àkàndé: fífọ abọ́ omi tòlótòló." Ó sì fọ̀ ọ́.

"Mi ò lọ," ló wí fún mi nígbà tí fóònù kú. "Jayéọlá, mi ò fọ abọ́ tòlótòló mọ́."

Ọjọ́ mẹ́wàá la ní.

Ìbráhìm ló bá wa wá ọkọ̀ tó máa fa bọ́ọ̀sì. Ọmọ Ìwó ni Ìbráhìm, pánẹ́bítà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ irin bí ẹni mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ju ọwọ́ lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń fà wá gba ojú títì, Àkàndé jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ó ń juwọ́ sí aráyé. Ní ìyànà kan, ìyá kan tó gbé ẹrù rù sáré bọ́ sójú ọ̀nà. "Auchi? Auchi?" Ìbráhìm rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kígbe padà pé, "E don full!" Ìyá náà ṣépè fún wa dé ìyànà kejì. Kò sì sí táyà tó jò títí a fi dé orí ilẹ̀. Mo rò pé àmì rere nìyẹn.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo fíríìjì, láàárín irin tó wà níta àti ike tó wà nínú, fómù kan wà, ó pupa rúsúrúsú, ó le bíi búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Òun ni kì í jẹ́ kí ooru ìta wọlé. Àkàndé fi ayùn ya gbogbo òkú fíríìjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yọ fómù wọn bí ẹni bó iṣu, ó sì ń tò ó mọ́ ara irin bọ́ọ̀sì láti òrùlé dé ilẹ̀. Èmi ń fi púláíwúùdù bò ó. Eruku fómù yẹn ń yún ni lára bíi wèrèpè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń họra bí ọ̀bọ.

Mo dé ibi fèrèsé, mo dúró. "Èwo la máa dá sí?"

"Ta ló rí fíríìjì onífèrèsé rí?" ni Àkàndé dáhùn.

A dí gbogbo fèrèsé pa. Gíláàsì iwájú náà, a dí i. Ẹnu ọ̀nà, ó fi rọ́bà ẹnu fíríìjì yí i po, èyí tó ní òòfà nínú, tó fi jẹ́ pé bí o bá ti ilẹ̀kùn báyìí, ó máa fi ẹnu ko irin, pà! Ó wá gbé háńdù fíríìsà ẹlẹ́ja kan tó máa ń há gírígírí, ó dè é mọ́ ọn. Nígbà tó parí, ó yí bọ́ọ̀sì náà ká lẹ́ẹ̀mẹta bí ọkọ ìyàwó.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, a ti ìlẹ̀kùn láti ìdájí, a jẹ́ kí oòrùn pa bọ́ọ̀sì náà títí di ọ̀sán. Ní aago kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òṣùwọ̀n ooru tí Àkàndé máa ń kì bọ fíríìjì. Ìlẹ̀kùn pa dé: pà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tutù.

Àní ó tutù! Ìbráhìm ní, "Subhanallah." Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa ẹṣin lára. Àkàndé tú ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó jó láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì dé iwájú, ó tún jó padà. "Ẹ pe Ìlárá!" ló ń wí. "Ẹ ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa fọ abọ́!" Ìbráhìm bá a jó. Mo bá wọn jó. A jó títí tí mo fi ṣàkíyèsí pé ohun kan ń ṣàn sí mi lójú. Mo ní bóyá omijé ayọ̀ ni. Mo tọ́ ọ wò. Òógùn ni.

Láìpẹ́, inú bọ́ọ̀sì yẹn ti dà bí inú ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Mímí tí a mí jáde ò ríbi lọ. Ooru ara wa ò ríbi lọ. Ijó tí a jó gan-an ò ríbi lọ.

"Ṣílẹ̀kùn," mo wí.

Àkàndé fi ọwọ́ wá ìlẹ̀kùn. Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀.

"Háńdù dà?" ni Ìbráhìm bèèrè.

"Ó wà níta."

"Tinú ńkọ́?"

Àkàndé ṣì ń fọwọ́ pa ìlẹ̀kùn. "Fíríìsà tí mo mọ̀," ló wí, "ẹja ló ń wà nínú ẹ̀. Ẹja kì í jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi gan-an kò bú mi rí bí Ìbráhìm ṣe bú Àkàndé lọ́jọ́ náà, tó sì ń fi "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́" kún un kó má bàa di àfojúdi. A fi èjìká gbá ìlẹ̀kùn, rọ́bà dì í mú. A kígbe, fómù gbé igbe wa mì. Iṣẹ́ dáadáa ni a ṣe, kò sí irọ́ níbẹ̀.

Fikáyọ̀ ló yọ wá. Ọmọ Àkàndé ni, ó wà ní yunifásítì, ó sì ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó rí àgbà mẹ́ta tí èéfín ń yọ lára wọn.

"Daddy, wetin una dey do for inside?"

"À ń gbatẹ́gùn ni," bàbá rẹ̀ wí, ó sì wó lulẹ̀ sórí koríko.

Fikáyọ̀ kò bi í léèrè mọ́. Ó gbé kúlà oúnjẹ sílẹ̀, ó ṣí i. Ooru sọ láti orí ìrẹsì. "I cook am since morning," ló wí. "E still dey hot."

A wo kúlà. A wo bọ́ọ̀sì. A tún wo kúlà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ìbráhìm wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "kí ló wà nínú ògiri kúlà yẹn?"

"Fómù."

"Irú èyí tí a lẹ̀ yìí?"

"Òun gan-an."

"Kí ló wá ń mú fíríìjì tutù?"

Ọkùnrin tó ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ogún ọdún pé fómù ò mọ òtútù, kò mọ ooru, ohun tí o bá fún un náà ló máa bá ọ tọ́jú, ó di orí mú. "Kọ̀mpúrẹ́sọ̀," ló wí. "Yé. Mo gbàgbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀."

A jẹ ìrẹsì náà. Ó gbóná lóòótọ́.

Ọjọ́ méjì ló kù. Ìbráhìm ní àkókò òun ti tó, kí gbogbo onífíríìjì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ooru dà bí àlejò tí kò mọ ilé, ká la ọ̀nà fún un ló kù. Ó da fèrèsé mẹ́fà padà, ó gé ihò sí ìsàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tútù máa wọlé, ó gé òmíràn sókè kí ooru máa jáde, ó sì kun òrùlé ní funfun. Èmi ní ihò nìkan ò lè tó. Mo kan àjà pákó síbẹ̀, mo fi àlàfo ọwọ́ kan sí àárín àjà àti òrùlé. Àkàndé kò yọ fómù rẹ̀ kúrò. Ó ní ọjọ́ ń bọ̀ tí a máa bẹ fómù. Ó de háńdù sínú, méjì, bí ọ̀kan bá já.

Ọ̀sán Fúráìdé, a tún gbé òṣùwọ̀n wọlé. Márùndínlógójì. A jáde, a wọn ti ìta: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Ó kù díẹ̀," mo wí.

"Ó kù díẹ̀ kí kí ni?" ni Àkàndé wí. "Ìta ló tutù jù ú lọ! Kí n kúkú sọ fún un kó sùn síta!"

Fóònù rẹ̀ ké. Bàbá Akíntáyọ̀ ni, láti Ìlárá. Ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni ń pe orúkọ nínú kíláàsì: "Àkàndé, a ti tẹ́ ibùsùn yín sílẹ̀. Tòlótòló náà ti di mẹ́rìnlá." Ó sì pa á. Ìbráhìm ní òun ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà Jímọ̀. Mo ní èmi náà máa gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Àkàndé ní lọ́jọ́ Àìkú kẹ̀, òun ti máa wà ní ìdí abọ́ omi.

Sátidé mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ pàdé Títíloyè ní páàkì. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré kan ṣoṣo lọ́wọ́. Àkàndé wo báàgì náà, ọkàn rẹ̀ já. Ẹni tó fẹ́ dúró kì í gbé báàgì tó kéré tó yẹn. "Ẹ kúulé o," obìnrin náà wí, "mo ní kí n wá bá bọ́ọ̀sì yín fọ̀rọ̀ wérọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Àwa náà fi agbára rẹ́rìn-ín.

A dé orí ilẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀sì.

"Olè!" ni Àkàndé figbe bọnu. "Wọ́n ti wà á lọ!"

"Wà kí ni?" mo wí. "Kò ní ẹ́ńjìnnì!"

"Èyí ló fi jẹ́ olè tó gbówọ́!"

Títíloyè nàka. Bọ́ọ̀sì náà wà lọ́hùn-ún ní ìpẹ̀kun ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti igi mángòrò àwọn aládùúgbò, ó kọjú sí igbó. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nítòsí ló ṣàlàyé. "Oga, no vex. Tipper wan pass, your house block road. We push am small." Àkàndé fò sókè. Ọjọ́ kan ló fi yan ibi tí ilé òun máa kọjú sí, pé kó máa wo ojú ọ̀nà bí ilé ọmọlúàbí! Ìbráhìm náà ń fapá jánú pé ewé ti ń já sórí ọ̀dà funfun òun. Ṣùgbọ́n aago ti lé ní kan, obìnrin náà ti jókòó ti oúnjẹ, kò sáyè à ń ti bọ́ọ̀sì kiri.

Ní aago méjì géérégé, Títíloyè nu ọwọ́, ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, a ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kò jáde. Ogún: kò jáde. Ọgbọ̀n: a ò gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀. Àkàndé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìlanu.

"Fómù," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé mo wí fún yín?"

"Fómù tó fẹ́ sè wá jinná?" ni Ìbráhìm dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ihò ni. Ooru ti rí ọ̀nà ni."

"Ihò tó ti wà níbẹ̀ lánàá?" èmi náà bọ́ sí i. "Àjà ni, jàre. Àjà pákó máa ń ṣe ọjọ́ kan kó tó mọ ilé."

"Pákó wo ló ń mọ ilé?"

"Irú èyí tó mọ iṣẹ́ ju pánẹ́bítà lọ!"

Ohùn lọ sókè. Àkàndé dìde dúró. Ìbráhìm dìde. Èmi gun orí búlọ́ọ̀kù kí ohùn mi lè jáde dáadáa. Àwọn amọ búlọ́ọ̀kù dá iṣẹ́ dúró, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, oníkálukú ń ti ọ̀gá tó wù ú lẹ́yìn. Fikáyọ̀ tó ń fọ abọ́ ní, "Una go wake Mummy o." Ta ló gbọ́?

Ìlẹ̀kùn ṣí: pà.

Títíloyè dúró sẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìyá Fikáyọ̀," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, "ṣé o sùn?"

"Sùn? Nínú ariwo yìí?"

Àkàndé jókòó díẹ̀díẹ̀. Mo rí i tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń bẹ wọ́n fún ohun tí wọ́n fẹ́ padà lọ ṣe. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Mo gbà. Jẹ́ kí n lọ di ẹrù."

"Ẹrù wo?" ni Títíloyè wí. "Ẹ lọ bá mi gbé àwọn àpótí mi ní páàkì. Mẹ́rin ni. Mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú wọn sínú ọ́fíìsì wọn."

Àkàndé gbé orí sókè.

"Ẹ̀ ń wò mí," obìnrin náà wí. "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni orúkọ yín wà lára ògiri ni? Èmi ni mo ń kó ẹyin tòlótòló. Oṣù mẹ́ta! Àní mi ò padà lọ mọ́, ibáà jẹ́ inú garawa lẹ ní ká máa gbé."

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn, ó tó ti ọdún tuntun. Àkàndé gbé ìyàwó rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn dùn ún, ó gbé e sílẹ̀. Ìbráhìm ń fi òòlù lu ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì. Àwọn amọ búlọ́ọ̀kù ń jó ijó tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Fikáyọ̀ ń fi fóònù ya gbogbo wa. Èmi fọwọ́ kan apá Títíloyè nígbà tí mo ń kí i: ó gbẹ, kò sí òógùn kankan, ó tutù nini. Inú mi dùn débi pé ọ̀rọ̀ àjà tún bọ́ sí mi lẹ́nu.

"Ìyá Fikáyọ̀, ẹ̀yin ni tíṣà. Ẹ máàkì wa. Ẹ ò sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò làágùn. Èwo ló mú inú ibẹ̀ tutù: fómù ọkọ yín, ihò Ìbráhìm, àbí àjà tí èmi kàn?"

"Sọ òtítọ́ o," ni Àkàndé wí.

"Ẹ má wojú ẹnikẹ́ni," ni Ìbráhìm wí.

Títíloyè gbé ojú sókè. Ó wo òrùlé, ó wo ohun tó wà lórí òrùlé, ó wá wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Abẹ́ igi ló wà," ló wí, ó sì lọ wá bàtà rẹ̀.